Ohun tí Kòkòrò Yàn Láàyò àti Ohun tí Ebi Lè Mú Un Jẹ

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣa ẹ̀wà rí mọ irú kòkòrò tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Bí a bá da ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àpò sórí atẹ, tí a sì mú hóró kan sún mọ́ ojú, a ó rí àmì funfun kan tàbí méjì tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹyin ni. Ìyá kòkòrò ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí ẹyin náà bá pa, ìdin inú rẹ̀ kì í jáde síta rárá. Láti abẹ́ ẹyin ni ó ti ń gbẹ́ ọ̀nà wọ inú hóró lọ tààrà. Ibẹ̀ ni yóò ti jẹun, tí yóò ti dàgbà, tí yóò sì jẹ dé ẹ̀yìn awọ hóró, kí ó fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀ bíi fèrèsé tí a kò tíì ṣí. Ọjọ́ tí ó bá di kòkòrò abìyẹ́ ni yóò ti fèrèsé náà jáde. Ihò róbótó tí a máa ń bá lára ẹ̀wà ni ojú fèrèsé yẹn.

Lójú ẹni tó ń ta ẹ̀wà, ọ̀tá gbáà ni kòkòrò yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Callosobruchus maculatus. Ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ yìí gan-an, ìyẹn bí ó ṣe ń fi inú irúgbìn ṣe ilé tí ó sì ń jẹ ẹ́ run kí ó tó hù, ni ó mú kí àwọn tó ń wá ọ̀nà láti kápá èpò máa wá ìbátan rẹ̀ kiri. Ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń kó irú kòkòrò ajẹ-irúgbìn bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn pé kí ó lọ bá èpò kan jà. Ohun tí ó sì ń fa àríyànjiyàn nígbà gbogbo ni bí a ṣe lè mọ̀, kí a tó ṣí àgò sílẹ̀, pé kòkòrò tí a rán sí igi kan kò ní yà sí igi tí a kò rán an sí. Ìdánwò wà fún un, ìdánwò náà sì lè tan ènìyàn jẹ. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ó ṣe ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò wọ̀nyí ti dé Tógò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ránṣẹ́ pè é.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa ń yan ajẹ-irúgbìn, nígbà tí kòkòrò tó ń jẹ ewé àti èyí tó ń gbẹ́ ìtì igi wà. Kòkòrò tó ń jẹ irúgbìn kì í pa igi. Igi tó ti wà nílẹ̀ yóò máa wà lọ, kìkì ọmọ tí yóò bí ni yóò máa dín kù. Àléébù nìyí lójú ẹni tó fẹ́ kí èpò kúrò lóko lónìí, ṣùgbọ́n àǹfààní ni níbi tí igi kan náà ti jẹ́ èpò fún ẹnìkan tí ó sì jẹ́ owó fún ẹlòmíràn. Ní New Zealand, àwọn tó ti Ìlú Ọba lọ tẹ̀dó síbẹ̀ ló kó gorse dání, igi kúkúrú ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí oko àgùntàn wọn ká. Nígbà tí igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba pápá mọ́ àgùntàn lọ́wọ́, àwọn kan ṣì nílò rẹ̀ fún ọgbà, nítorí náà ajẹ-irúgbìn nìkan ni ó ṣeé fọwọ́ sí. Wọ́n tú kòkòrò kékeré kan tí ń jẹ́ Exapion ulicis sílẹ̀ ní 1931. Ní Gúúsù Áfíríkà, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi Acacia mearnsii láti Ọsirélíà ni àwọn ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ ń gbìn fún pákó àti fún èèpo ara rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ awọ, igi yìí kan náà ló sì ń ya wọ etí odò tí ó ń fa omi gbẹ. Ẹni tó ń gbìn ín kò ní gbà kí a kó ohun tí yóò pa á wá, ẹni tí odò rẹ̀ ń gbẹ kò sì ní gbà kí a káwọ́ gbera. Àwọn kòkòrò Melanterius tó ń jẹ irúgbìn nìkan ló bá wọn parí ìjà náà. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń tú wọn sílẹ̀ ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fún igi tí ó ti ń jẹ ní Ọsirélíà. Bákan náà ni wọ́n ṣe fún igi Prosopis, tí ẹran ọ̀sìn ń jẹ èso rẹ̀: kòkòrò Algarobius prosopis dé ní 1987, Neltumius arizonensis sì tẹ̀lé e ní 1993. (Ẹran ọ̀sìn sábà máa ń ṣáájú kòkòrò dé ìdí èso náà, wọn a jẹ ẹ́, wọn a sì su irúgbìn tó ṣì yè káàkiri pápá. Ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń dán kòkòrò wò? Ní 1974, onímọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ fún Ọsirélíà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ A. J. Wapshere, tẹ ìlànà kan jáde tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń tẹ̀ lé dòní. Ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ewéko tó bá èpò náà tan jù lọ, kí a wá máa jìnnà sí i díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe máa ń ṣe òbìrí lẹ́yìn tí òkúta bá ti bọ́ sínú rẹ̀. Ọgbọ́n tó wà nídìí èyí ni pé májèlé tí igi fi ń dáàbò bo irúgbìn rẹ̀ sábà máa ń bá ìdílé igi náà rìn. Igi leucaena ní oró kan tí ń jẹ́ mimosine, èyí tó lè mú irun ẹṣin re dànù. Ìdílé mìíràn ní oró tirẹ̀. Ìdin tó ti mọ bí a ṣe ń jẹ oró ilé ìyá rẹ̀ kò mọ bí yóò ti ṣe ti ilé ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí kòkòrò bá kọ àwọn ìbátan tó sún mọ́ èpò náà pẹ́kípẹ́kí, kò dà bíi pé yóò lọ jẹ èyí tó jìnnà réré. Wọn a tún fi àwọn ohun ọ̀gbìn tó ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ náà kún un, ì báà jẹ́ ìbátan tàbí kì í ṣe ìbátan, kí ọkàn àwọn àgbẹ̀ lè balẹ̀. Inú iyàrá tí a tì pa, tí kòkòrò kan kò lè ti ibẹ̀ sá jáde, ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà bi kòkòrò léèrè. Nínú ọ̀nà kìíní, wọn a kó èso oríṣiríṣi ewéko sínú àgò kan, èpò náà pẹ̀lú wọn, wọn a sì wo èyí tí abo kòkòrò yóò yé ẹyin sí. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí ní ìdánwò yan-èyí-tó-wù-ọ́. Nínú ọ̀nà kejì, ewéko kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún un, ó di kí ó yé ẹyin síbẹ̀ tàbí kí ó di ẹyin rẹ̀ mọ́ inú. Ìyẹn ni ìdánwò lo-èyí-tó-wà. Ó jọ pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń béèrè, ṣùgbọ́n wọn kò jọra rárá, àìmọ ìyàtọ̀ wọn ló sì dá ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀.

Kí n tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a mọ ìnira tó wà nínú dídán ajẹ-irúgbìn wò, nítorí pé ìnira náà ni ó máa ń mú kí ènìyàn gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹni tó ń dán ajẹ-ewé wò lè já ewé nígbàkígbà. Ajẹ-irúgbìn kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé èso tó wà ní ìpele tí ó fẹ́ gan-an, bóyá nígbà tó ṣì tutù tàbí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó, ni ó ń yé ẹyin sí. Èyí já sí pé bí ogójì ewéko bá wà nínú ìdánwò, gbogbo ogójì náà gbọ́dọ̀ tanná kí wọ́n sì so ní ọ̀sẹ̀ tí ẹyin wà nínú abo kòkòrò. Igi mìíràn sì wà tí yóò lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìkòkò kí ó tó tanná fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú kòkòrò wọ̀nyí kì í bímọ ju ìgbà kan lọ lọ́dún, nítorí náà, bí ọ̀sẹ̀ náà bá kọjá, ó di àmọ́dún. Òmíràn tún wà tí ẹyin rẹ̀ kò ní gbó nínú bí kò bá tíì jẹ lẹ́búlẹ́bú òdòdó. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe máa ń lo ẹ̀ka tí wọ́n gé sínú omi, tàbí irúgbìn gbígbẹ, tàbí kòkòrò díẹ̀ péré. Bí kòkòrò márùn-ún bá sì kọ igi kan, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí igba kòkòrò kọ ọ́.

Igi tó kọ́ àwọn onímọ̀ lọ́gbọ́n ni Cytisus scoparius, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní broom nítorí pé wọ́n ń fi ẹ̀ka rẹ̀ ṣe ìgbálẹ̀ láyé àtijọ́. Ó ti Yúróòpù dé New Zealand, ó sì ya bo pápá níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gorse ti ṣe ṣáájú rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1980, wọ́n kó kòkòrò kan tí ń jẹ́ Bruchidius villosus wá láti Ìlú Ọba, níbi tí ó ti ń jẹ irúgbìn broom láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n dán an wò. Ìdánwò yan-èyí-tó-wù-ọ́ ni wọ́n lò, broom wà nínú gbogbo rẹ̀, àwọn ìbátan broom náà sì wà níbẹ̀, títí kan igi kan tí wọ́n ń pè ní tagasaste, tó wá láti erékùṣù Canary, tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn fún màlúù jẹ, tí àwọn olóyin náà sì fẹ́ràn nítorí òdòdó rẹ̀. Orí broom ni àwọn kòkòrò náà yé ẹyin sí. Wọ́n kà á sí pé kòkòrò yìí kò ní ojú fún igi mìíràn, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980.

Ní 1999 ni wọ́n bá a nínú èso tagasaste.

Kòkòrò náà kò yí ìwà padà láti ìgbà tí wọ́n ti dán an wò. Ìbéèrè tí wọ́n bi í ni kò bá ohun tó ń lọ lóko mu. Tagasaste máa ń tètè tanná, ó sì máa ń so ṣáájú broom. Nígbà tí kòkòrò bá jí lẹ́yìn òtútù, tí ẹyin ń gbó nínú rẹ̀, èso broom kò tíì sí níbì kankan, ṣùgbọ́n ti tagasaste ti wà nílẹ̀. Nínú àgò, ohun tí wọ́n bi í ni pé, nínú gbogbo ìwọ̀nyí, èwo ló wù ọ́? Ní oko, ohun tí ó bá pàdé ni pé, èyí ló wà o, ṣé wàá lò ó tàbí wàá dúró? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti ẹyin tó ti gbó nínú abo kòkòrò tí kò rí ibi fi í sí: bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ohun tí ó kọ̀ lánàá yóò máa dára sí i lójú rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn náà, tí wọ́n sì yọ broom kúrò nínú àgò, ó yé ẹyin sórí àwọn igi tí kò kà sí nígbà tí broom wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní tèmi, n kò rò pé ó yẹ kí a pe èyí ní àjálù. Tagasaste kì í ṣe igi ìbílẹ̀ ní New Zealand, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kà á sí èpò níbẹ̀, igi náà kò sì kú. Ohun tó bàjẹ́ ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Nígbà tí ẹ bá ti sọ fún àgbẹ̀ pé kòkòrò yìí kò ní fọwọ́ kan ohun mìíràn, tí òun fúnra rẹ̀ sì wá fa èso tagasaste ya tí ó bá ihò nínú irúgbìn rẹ̀, kòkòrò tí ẹ bá tún kó wá lẹ́yìn náà yóò jẹ gbèsè èyí tó ṣáájú.

Ó lè wá dà bíi pé ojútùú kò ju kí a máa lo ìdánwò lo-èyí-tó-wà nìkan. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdánwò yìí náà ń purọ́, ìhà kejì ni irọ́ tirẹ̀ wà. Kòkòrò tí a há mọ́ inú ìgò kékeré, tí ẹyin kún inú rẹ̀, lè yé e síbikíbi. Kòkòrò ẹ̀wà tí a mẹ́nu kàn níbẹ̀rẹ̀ máa ń lẹ ẹyin mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ onídígí nínú ilé ìwádìí bí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá róbótó tí ó sì ń dán bí hóró, kò sì sí ẹni tó máa torí ìyẹn sọ pé ó ń jẹ dígí. Bí a bá fi irú ẹyin bẹ́ẹ̀ dá a lẹ́jọ́, kòkòrò tó lè ṣe wá lóore ni a ó máa dá padà lẹ́nu ọ̀nà. Ìdánwò yan-èyí-tó-wù-ọ́ náà tún ní irú irọ́ yìí nínú nígbà mìíràn, nítorí pé òórùn èpò tó wà nítòsí lè ru kòkòrò sókè títí yóò fi yé ẹyin sí ara ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni tí òórùn ọbẹ̀ mú kí ó gé irin jẹ.

Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ dúró níbi ẹyin. Ìyá ló ń yan ilé, ọmọ ló ń gbé e, ọmọ náà kò sì lè kó jáde kúrò nínú hóró kan lọ sínú òmíràn. A ní láti wò ó bóyá ìdin wọ inú irúgbìn, bóyá ó yè, bóyá kòkòrò tó pé jáde níbẹ̀, àti bóyá èyí tó jáde náà lè bí ọmọ tirẹ̀. Ní 2015, Quentin Paynter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New Zealand padà lọ wo àwọn kòkòrò tí wọ́n ti tú sílẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n fi àbájáde ìdánwò ìgbà náà wé ohun tó ṣẹlẹ̀ lóko ní tòótọ́. Ohun tí wọ́n ṣe rọrùn láti sọ: bí kòkòrò ṣe fẹ́ràn igi kan tó ní ìfiwéra pẹ̀lú èpò tí a rán an sí, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po pẹ̀lú bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń yè tó lórí igi náà ní ìfiwéra pẹ̀lú èpò ọ̀hún. Igi tí iye rẹ̀ bá kéré gan-an kì í sábà ní ìyọnu lóko, bí kòkòrò tilẹ̀ yé ẹyin sí i nínú àgò. Èyí mú ọ̀rọ̀ kúrò ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì sọ ọ́ di èló ni, èyí tó wúlò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ.

Ṣùgbọ́n ìdánwò lè sọ òtítọ́ kí ènìyàn má sì fetí sí i. Ní Kánádà ní 1968 àti ní Amẹ́ríkà ní 1969, wọ́n tú kòkòrò kan tí ń jẹ́ Rhinocyllus conicus sílẹ̀ láti Yúróòpù. Ìdin rẹ̀ máa ń jẹ ìdí òdòdó òṣùṣú, irú ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan, níbi tí irúgbìn ti ń dì, Carduus nutans sì ni òṣùṣú tí wọ́n rán an sí. Ìdánwò ìgbà náà ti fi hàn gbangba pé ó lè gbé orí oríṣi òṣùṣú mìíràn, títí kan àwọn Cirsium, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ jẹ́ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ṣí àgò. Lójú wọn nígbà náà, òṣùṣú kò ju òṣùṣú lọ, ọ̀kan nínú ègún tí Bíbélì fi ilẹ̀ Ádámù gún. Ta ni yóò sunkún rẹ̀? Ní 1997, Svata Louda àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Science, wọ́n fi hàn pé kòkòrò náà ti dé pápá oníyanrìn Nebraska ní Amẹ́ríkà, ó sì ti dín irúgbìn òṣùṣú ìbílẹ̀ kan, Cirsium canescens, kù gidigidi, èyí tó jẹ́ pé irúgbìn nìkan ni ó fi ń bímọ, tí ó sì ń kú lẹ́yìn tó bá ti tanná lẹ́ẹ̀kan. Ní 2000, ìjọba Amẹ́ríkà dá àṣẹ gbígbé kòkòrò náà láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì dúró. Kò sí àṣẹ kankan tí ó lè kó o padà sínú àgò.

Nítorí náà, kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ni ẹnìkan ti gbọ́dọ̀ pinnu irú ewéko tó ka sí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa náà nìyí.

Ní nǹkan bí ìdajì ọ̀rúndún sẹ́yìn, wọ́n gbìyànjú irú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà lórí ewé Akíntọ́lá, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ òdòdó àti irúgbìn rẹ̀, Apion brunneonigrum, ni wọ́n mú láti Trinidad, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ níbí, ní Gánà àti ní Íńdíà pẹ̀lú, kò sì fìdí múlẹ̀ níbì kankan. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí Akíntọ́lá ń yọ lẹ́nu kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Leucaena kò rí bẹ́ẹ̀. Igi yìí ti Mẹ́síkò àti àyíká rẹ̀ wá, àwọn tí wọ́n kó o dé sì gbà pé oore ni. Láti àárín àwọn ọdún 1970 ni ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ti ń dán an wò fún ọ̀nà ìdáko kan tí a ti máa ń gbin àgbàdo sáàárín ìlà igi, tí a sì máa ń gé igi náà lóòrèkóòrè kí ewé rẹ̀ lè di ajílẹ̀. Ó ń ta ilẹ̀ jí, ewúrẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì dára fún igi ìdáná. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbàgbé láti gé e fún sáà kan yóò rí ohun tí yóò rí: èso pẹlẹbẹ gígùn yóò so rọ̀ ní ìdì-ìdì, wọn yóò gbẹ, wọn yóò là, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ yóò sì kún fún ọmọ leucaena bí ẹni fọ́n irúgbìn ẹ̀fọ́. Ó wà lára ọgọ́rùn-ún ẹ̀dá tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá inú igbó, kà sí àjèjì tó burú jù lọ láyé, Akíntọ́lá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Kòkòrò tó ń jẹ irúgbìn leucaena ń jẹ́ Acanthoscelides macrophthalmus. Gúúsù Áfíríkà dán an wò, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní 1999, nítorí ìdí kan náà tí mo sọ lókè: àwọn kan fẹ́ igi náà, àwọn kan kò fẹ́ ẹ, ajẹ-irúgbìn ni kò ní dá ìjà sílẹ̀. Ní Tógò, kò sí ẹni tó ní òun tú u sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ inú irúgbìn tí ènìyàn ń kó láti ibì kan sí ibòmíràn ni ó bá dé. Àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Lomé tẹ ìwádìí jáde nípa rẹ̀ ní 2010, ohun tí wọ́n sì fẹ́ fi í ṣe yàtọ̀ pátápátá sí ti Gúúsù Áfíríkà. Agbọ́n tín-ínrín kan wà, Eupelmus vuilleti, tó máa ń yé ẹyin sí ara ìdin kòkòrò ẹ̀wà tí ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́. Bí a bá fẹ́ sin agbọ́n náà lọ́pọ̀ láti fi dáàbò bo ẹ̀wà inú àká, a nílò ìdin tí yóò máa jẹ. Sísin kòkòrò ẹ̀wà gan-an fún un dà bíi kí a máa sin olè láti fi bọ́ ọlọ́pàá. Kòkòrò leucaena lè gba ipò náà, nítorí pé bí ọ̀kan bá tilẹ̀ bọ́ mọ́ agbọ́n lọ́wọ́, irúgbìn leucaena ló máa ń wá.

Orúkọ rẹ̀ ni ó lè kó ìpayà bá ẹni tó bá mọ̀ nípa kòkòrò. Acanthoscelides obtectus, tí orúkọ ìdílé wọn jọ jẹ́ ọ̀kan, ni kòkòrò tó ń ba irú ẹ̀wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà Gúúsù ń jẹ jẹ́ káàkiri ayé. Orúkọ ìdílé kì í ṣe ìwà, àwọn ẹ̀yà leucaena sì ni wọ́n sábà máa ń bá èyí lórí. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tú u sílẹ̀ tàbí kí ó sìn ín lọ́pọ̀ ní ìhà tiwa, àtòkọ ewéko tí Gúúsù Áfíríkà lò kò lè tó wa, nítorí pé ohun tí a kà sí yàtọ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ìbàlẹ̀ ọkàn, ṣùgbọ́n ní ti ìbátan, ẹ̀wà jìnnà díẹ̀ sí leucaena. Àwọn tó sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àyùnré inú igbó, àìdan tí àwọn ìyá ń lò fún àgbo, àti irúgbá, igi tí a ti ń rí irú. N kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi irú se ọbẹ̀ láìjẹ́ pé irúgbá ni ó wà ní ìlà kìíní ìdánwò náà.

Bí wọ́n bá sì máa dán irúgbá wò, kí wọ́n dán an wò bí ó ṣe wà lóko. Èèpo èso leucaena fẹ́lẹ́ bíi bébà, a lè fi ìka ka hóró inú rẹ̀ láti ìta. Èèpo irúgbá nípọn, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ọmọdé ń lá sì bo hóró inú rẹ̀, nítorí náà, ó lè jẹ́ pé abo kòkòrò kò ní rí hóró náà dé rárá. Ṣùgbọ́n èso tó ti là ńkọ́, àti hóró tí wọ́n ti ṣa jọ sínú agbọ̀n kí wọ́n tó sè é? Ìyẹn náà gbọ́dọ̀ wọ inú àgò. Ti àsìkò tún wà níbẹ̀, èyí tó da ti New Zealand rú. Leucaena ń so ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún níbí, nítorí náà, ó lè ṣòro kí kòkòrò rẹ̀ bá ara rẹ̀ níbi tí kò ti rí ohun tó yàn láàyò. Àyàfi níbi tí àwọn darandaran bá ti gé gbogbo rẹ̀ fún ẹran lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí irúgbá ń so.